Iṣẹ́ àtúnṣe ìbọn àti iṣẹ́ irin àdáni ní Kubwa: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò ní Àbújá, Kubwa ni mo sì ń gbé. Jórinjórin ni mí ní ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan, ṣùgbọ́n ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti bí mi ní Òkè-Ògùn. Bàbá bàbá mi ni àwọn ọdẹ ìlú wa máa ń gbé ìbọn ṣakabùlà wọn tọ̀ wá kí ó bá wọn tún un ṣe, yàtọ̀ sí ọkọ́ àti àdá tí ó ń rọ fún àwọn àgbẹ̀. Èmi ni mo máa ń fẹ ẹwìrì fún un nígbà tí mo wà ní kékeré. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró òòlù lórí owú, ara mi máa ń yá gágá.

Mo ti tọ́jú owó díẹ̀, mo sì fẹ́ kúrò lábẹ́ ọ̀gá ní ọdún tí ń bọ̀ kí n dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́kàn mi ni ṣọ́ọ̀bù kékeré tí yóò máa ṣe iṣẹ́ irin tí oníbàárà bá yà lórí ìwé tàbí tí ó bá fẹnu sọ, irú bíi géètì, àtẹ̀gùn, àga ìta àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí kò sí lọ́jà mọ́. Mo tún fẹ́ kí apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti àtúnṣe ìbọn àwọn ọdẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Texas ní Amẹ́ríkà. Bí ọdẹ kan bá fẹ́ kí ìdí ìbọn rẹ̀ bá èjìká rẹ̀ mu, òun ni wọ́n ń gbé e lọ bá, ó sì ń jẹun níbẹ̀ dáadáa. Ó ní bí mo bá ti mọwọ́ irin, yóò kọ́ mi ní èyí tí ó kù láti orí fóònù.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè pa iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ níhìn-ín? Irinṣẹ́ wo ni kí n kọ́kọ́ rà pẹ̀lú owó tí kò pọ̀? Báwo sì ni ẹ ṣe ń dá iye lé iṣẹ́ tí kò ní àpẹẹrẹ, tí ẹnikẹ́ni kò ṣe irú rẹ̀ rí?

Agbẹjọ́rò Gwarinpa

Àbúrò, mo kí ọ. Iṣẹ́ òfin ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ kí o ka èyí kí o tó san owó ṣọ́ọ̀bù fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ẹbí rẹ ń ṣe ní Texas bófin mu níbẹ̀ nítorí pé òfin ibẹ̀ ní ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà wọ inú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Gun Control Act ní ọdún 1968, ẹni tí ó bá fẹ́ fi àtúnṣe ìbọn ṣòwò ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ńsì ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ ATF, àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn níbẹ̀. Irú 01 ni ti àwọn tí ń tà á àti àwọn tí ń tún un ṣe, irú 07 sì ni ti àwọn tí ń ṣe ìbọn tuntun. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ńlá tí yóò máa kọ ìbọn tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sí, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wá yẹ ìwé yẹn wò. Kì í ṣe pé ó kàn mọwọ́ irin nìkan.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ilẹ̀kùn yẹn wà ní títì. Òfin Ìbọn tí ó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1959 sọ ní abala 22 pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe ìbọn tàbí ọta, kò gbọ́dọ̀ to ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe, àfi ní ilé ìkóhun-ìjà-sí ti ìjọba tàbí ní ilé ohun ìjà tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ. Kíyè sí i pé òfin náà dárúkọ àtúnṣe pẹ̀lú. Kò dúró lórí ṣíṣe tuntun nìkan. Ẹni tí ó bá rú abala yẹn lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ó kéré tán. Òfin yìí kò wo bí iṣẹ́ náà ṣe kéré tó, kò sì béèrè bóyá bàbá rẹ ni ó kọ́ ọ.

Mo mọ ohun tí ìwọ yóò sọ, pé àwọn alágbẹ̀dẹ ń ṣe é ní abúlé láti ayébáyé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n abúlé náà wà lábẹ́ òfin kan náà, Àbújá sì yàtọ̀ sí abúlé ní ti ẹni tí ojú yóò tètè rí. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS lórí àwọn ohun ìjà kéékèèké, ìlú wa níhìn-ín gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà ọdún 2006. Pẹ̀lú ìjínigbé àti ìpànìyàn tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí wa ká, ọlọ́pàá tí ó bá rí ẹ̀yà ìbọn lórí tábìlì jórinjórin kò ní dúró gbọ́ ìtàn ìdílé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìbọn tí o tún ṣe fún ẹni tí o rò pé ọdẹ ni ni wọ́n fi pa ènìyàn lójú ọ̀nà Kaduna, kí ni ìwọ yóò sọ fún ara rẹ? Mo béèrè ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ìfẹ́.

Bí ìbọn bá jẹ́ ohun tí ọkàn rẹ fẹ́ lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń ṣe é wà ní Kaduna, èyí tí a ń pè ní DICON. Ọdún 1964 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ Fritz Werner láti Jámánì ni ó sì bá ìjọba gbé e kalẹ̀. Kí o wá iṣẹ́ sí ibẹ̀ bófin mu. Kí o ṣí ti ara rẹ sí Kubwa kò bófin mu. Ẹ̀kọ́ orí fóònù tí ẹbí rẹ fẹ́ kọ́ ọ nípa ìbọn, dá a dúró.

Ní ti apá irin, kò sí ìdènà. Fi orúkọ òwò rẹ sílẹ̀ ní àjọ CAC, kí o sì wádìí bóyá ibi tí o fẹ́ gbà jẹ́ ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn Development Control, ìyẹn àwọn tí ń mójú tó ilé kíkọ́ ní Àbújá, kì í jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà pẹ́ láàárín ilé gbígbé, owó tí o fi da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ níbẹ̀ kò sì ní padà wá.

Jórinjórin Kugbo

Agbẹjọ́rò ti sọ èyí tí ó wúwo jù. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Àbújá, nítorí náà apá irin ni n óò dá sí.

Má ṣe ra gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ìjórin kékeré tí à ń pè ní inverter, tí agbára rẹ̀ tó 200 ampere, tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ kí o tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ 60% sí ẹ̀gbẹ́ 200, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú 6 péré ni o lè fi jórin ní agbára yẹn kí o tó jẹ́ kí ó sinmi. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó jóná lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wa kì í ṣe ayédèrú. Àìsinmi ni ó pa wọ́n. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń yọ́ sí ojú ibi tí a ń jó, èyí tí ó jẹ́ 2.5 mìlímítà tí a máa ń lò fún géètì àti bọ́gílárì ń fẹ́ ampere 60 sí 90, nígbà tí 3.2 mìlímítà ń fẹ́ 90 sí 130. Jẹnẹrétọ̀ 5 kVA tí ó dára lè gbé ti 2.5 láìráhùn. Fi ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin àti èyí tí a fi ń lọ̀ ọ́ kún un, fi kílám̀pù mẹ́rin, irin onígun tí a fi ń yẹ igun wò, rúlà irin àti kálípà kún un, o ti lè bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó kù, jẹ́ kí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ rà á fún ọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí o pẹ́ sí jù ni bí a ṣe ń ra irin. Ní ọdún kan, mo gba iṣẹ́ géètì ńlá méjì fún ilé kan ní Lugbe. Mo ra ṣíìtì mẹ́jọ, ẹni tí ó tà á fún mi sì búra pé mìlímítà 2 ni. Nígbà tí mo gbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀dù lé e, irin náà ń lu lábẹ́ ọwọ́ mi, mo sì rò pé iná ni mo ṣí pọ̀ jù. Mo dín iná kù, mo parí iṣẹ́, mo kùn ún, mo gba owó mi. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìyá oníbàárà náà pè mí pé bí atẹ́gùn bá fẹ́, géètì òun ń ró gbàngbàn bíi páànù òrùlé. Mo lọ wò ó, ojú tì mí. Owó ara mi ni mo fi ra irin mìíràn tí mo fi tún géètì méjèèjì ṣe, èrè oṣù mẹ́rin ni ó bá a lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọn irin lórí òṣùwọ̀n. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Irin lásán tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan wúwo tó 7,850 kílò. Ṣíìtì ẹsẹ̀ bàtà 4 sí ẹsẹ̀ bàtà 8 jẹ́ mítà 1.22 sí mítà 2.44, nítorí náà, bí ó bá nípọn tó mìlímítà 2 lóòótọ́, yóò wúwo tó kílò 46 ààbọ̀ sí 47. Bí ó bá jẹ́ kílò 37 péré, mìlímítà 1.6 ni wọ́n gbé fún ọ. Ọ̀pá irin 12 mìlímítà tí a fi ń dá bọ́gílárì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: mítà kan rẹ̀ jẹ́ kílò 0.888, ọ̀pá kan tí ó gùn tó mítà 12 sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ kílò 10.7. Kálípà yóò sọ bí etí ṣíìtì ṣe nípọn tó, ṣùgbọ́n etí nìkan ni ó ń wọ̀n. Òṣùwọ̀n ni ó ń sọ ti gbogbo ara rẹ̀. Òǹtajà tí kò bá fẹ́ kí o gbé irin rẹ̀ lé òṣùwọ̀n, kí ọ dáadáa kí o sì máa lọ.

Nípa ìlera, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe gbà kí ọmọ iṣẹ́ rẹ fi dígí òòrùn dúdú tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà jórin. Ìbòjú tí dígí rẹ̀ jẹ́ nọ́ḿbà 10 tàbí 11 ni kí ó lò. Ìmọ́lẹ̀ ìjórin kì í dun ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ó di òru kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí ta á bí ẹni tí wọ́n da iyanrìn sí i. Páìpù tí wọ́n fi sínkì bò, lọ sínkì náà kúrò ní ojú ibi tí o fẹ́ jó, kí o sì dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ èéfín kúrò lọ́dọ̀ rẹ, nítorí èéfín náà máa ń dá ibà tí ó ń gbọ̀n ènìyàn sílẹ̀ ní alẹ́. Àwọn kan gbà pé mílíìkì ni oògùn rẹ̀. Mílíìkì kò dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí o bá sì dé orí iṣẹ́ gáàsì, má ṣe jẹ́ kí òróró tàbí gíríìsì kan ẹnu àgbá ọ́síjìn láéláé, má sì ṣe jẹ́ kí agbára gáàsì asẹ́tílíìnì tí ń jáde lọ sí ibi tí o ti ń jó kọjá 15 psi lórí gééjì. Àgbá kábáídì tí a fi ń ṣe asẹ́tílíìnì fúnra wa níhìn-ín kò ní ohun tí ń sọ bí agbára inú rẹ̀ ṣe tó, mo sì ti tẹ̀lé òkú ọ̀rẹ́ mi kan dé ibojì nítorí rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, Kaduna

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Ọkọ mi ni ó ń jórin, èmi ni mo ń ṣírò owó àti ìwé, ìtòsí ọjà Panteka ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Níhìn-ín, maƙeri ni àwọn Hausa ń pe alágbẹ̀dẹ, àdúgbò kan sì wà ní Kaduna tí ó ń jẹ́ Makera, nítorí náà, àbúrò mi, ìwọ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìhà àríwá yìí.

O béèrè nípa iye owó. Iṣẹ́ tí kò ní àpẹẹrẹ, èmi kì í dárúkọ owó rẹ̀ lójú oníbàárà. Mo máa ń gba àwòrán rẹ̀, mo máa ń ní kí ọkọ mi ka irin tí yóò wọ̀ ọ́ ní mítà, n óò wá sọ ọ́ di kílò. Lẹ́yìn náà ni mo ń ka ẹlẹ́kítírọ́ọ̀dù, dísìkì ìgérin, pẹtiróòlù, ọ̀dà, owó ọkọ̀, owó ọmọ iṣẹ́, àti owó ọkọ mi fúnra rẹ̀, nítorí pé ọ̀gá tí kò ka owó ọwọ́ ara rẹ̀ yóò rò pé òun jèrè nígbà tí ó ń jẹ owó iṣẹ́ ara rẹ̀. Mo tún máa ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò bàjẹ́. Lórí gbogbo rẹ̀ ni èrè tó wá. Iye tí mo bá kọ sílẹ̀ kì í kọjá ọjọ́ 7, irin a sì máa gbówó lé e bí dọ́là bá ti gbéra. Owó ìṣáájú tí mo ń gbà gbọ́dọ̀ ra gbogbo irin iṣẹ́ náà tán, ì báà jẹ́ ìdá méje nínú mẹ́wàá. Oníbàárà tí kò bá lè san án kò tíì ṣetán.

Má fi gbogbo ara lé géètì, nítorí pé gbogbo jórinjórin Àbújá ni ó ń ṣe géètì. Àwọn àgbẹ̀ tí ó yí yín ká ní Gwagwalada, Kwali àti Abaji nílò ẹ̀rọ tí ń yọ hóró àgbàdo lára ṣùkù, ẹ̀rọ ìpa-ìrẹsì àti ẹ̀yà ọkọ́ tí màlúù ń fà, èyí tí wọ́n ń pè ní garma. Bí ẹ̀yà kan bá ṣẹ́ nínú ẹ̀rọ wọn ní ìgbà ìkórè, ẹni tí ó lè rọ òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú ni wọ́n ń wá. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń ṣe ìwádìí ẹ̀rọ àgbẹ̀, NCAM, wà ní Ìdófìàn lẹ́bàá Ìlọrin. Bí o bá ń lọ sílé, yà síbẹ̀ wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Kubwa

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. Mo ti pe ẹbí mi ní Texas, mo sì ti sọ fún un pé n kò ní ṣe ti ìbọn mọ́. Kò rọrùn fún mi, n kò ní parọ́, nítorí àwòrán bàbá àgbà ni mo ní lọ́kàn. Ohun méjì ni ó kù. Àwọn kan tí wọ́n ní ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ béèrè bóyá mo lè ṣe àpótí irin tí wọn yóò máa tì í mọ́: ṣé ìyẹn náà lòdì sófin? Èkejì, ìbọn ṣakabùlà bàbá àgbà ṣì wà lára ògiri ní ilé wa, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni gba ìwé lórí rẹ̀ rí. Mo ti fẹ́ gbé e wá sí Àbújá kí n fi ṣe ọ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Jórinjórin Kugbo

Ṣe àpótí náà. Lo irin mìlímítà 3, fi ìlẹ̀kùn rẹ̀ sí inú férémù kí ẹnikẹ́ni má lè ki irin bọ abẹ́ rẹ̀, fi kọ́kọ́rọ́ méjì sí i, kí o sì lu ihò mẹ́rin sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọn yóò fi dè é mọ́ ògiri. Ọ̀tọ̀ ni kí ibi tí wọ́n ń kó ọta sí ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Kí wọ́n wọn ìbọn náà nílé, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ.

Agbẹjọ́rò Gwarinpa

Àpótí kò lòdì sí òfin. Ìbọn ara ògiri yẹn ni kí a sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ìbọn ìbílẹ̀ náà nílò ìwé àṣẹ, kò sì sí ohun tí òfin ń pè ní ọ̀ṣọ́ nínú rẹ̀. Má ṣe gbé e sínú ọkọ̀ láti Òkè-Ògùn wá sí Àbújá. Má ṣe tú u palẹ̀, má sì ṣe jó ohunkóhun mọ́ ọn. Bá olórí ẹbí yín sọ̀rọ̀, kí ẹ wá agbẹjọ́rò kan nítòsí ibẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láìmú ìbọn lọ́wọ́, kí ó béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí ẹ dá a padà fún ìjọba. Bí ọ̀ṣọ́ bá wù ọ́ fún ṣọ́ọ̀bù rẹ, gbé owú àti ẹwìrì bàbá àgbà wá.